Iṣẹ́ Tí Wọ́n Ní Kò Yẹ Ọmọlúàbí

Ní oṣù kẹfà ọdún 1944, nígbà tí ogun Hitila ṣì ń jà lọ́wọ́, ọlọ́pàá kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Hubert Ògúndé, Ìjẹ̀bú ọmọ Awùjalẹ̀, ẹni tí wọ́n bí sí Òṣóṣà ní 1916, gbé eré kan jáde ní gbọ̀ngàn Glover ní Èkó akéte ilé ọgbọ́n, lórí ìtàn ọgbà Édẹ́nì àti ìtẹ́ Ọlọ́run. Ìjọ Olúwa, ìjọ àwọn Aládùúrà, ni ó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, kí wọ́n lè fi owó tí wọ́n bá rí níbẹ̀ kọ́lé ìsìn. Eré náà dùn mọ́ àwọn ará Èkó tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ní kí ó tún un ṣe. Síbẹ̀, pẹ̀lú gbogbo àtẹ́wọ́ yìí, Ògúndé kò bọ́ aṣọ ọba lọ́rùn. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, ó ń kí ọ̀gá kú àárọ̀, ó ń gba owó oṣù, títí di ọdún 1945. Àwọn tí ń pìtàn rẹ̀ fún wa a máa fo oṣù wọ̀nyí kọjá, wọn a sáré lọ síbi tí ó ti di ọ̀gá. Lójú tèmi, ìdúró yẹn gan-an ni ó yẹ kí a dúró wò, nítorí pé níbẹ̀ ni a ti rí i pé ẹ̀rù ba ọkùnrin náà bí ó ti í ba gbogbo wa, àti pé ìyèméjì kò tíì kúrò lọ́kàn rẹ̀ nígbà tí ó gbẹ́sẹ̀.

Kì í sì í ṣe ojo ni ó ṣe é. Ẹni tí ó ti ṣe tíṣà láti 1933 kí ó tó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá mọ iyì tí ń bẹ lára owó tí ń wọlé lóṣooṣù, ó sì mọ ojú tí ayé fi ń wo eléré. Iṣẹ́ náà kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ wa. Láti ààfin Ọ̀yọ́ Ilé ni àwọn egúngún apidán ti wá, àwọn tí a ń pè ní alárìnjó, ọmọ Ológbìn-ín. Nígbà tí òyìnbó Clapperton sì dé ọ̀dọ̀ Aláàfin ní 1826, wọ́n ṣeré fún un. Ó rí òjòlá tí ń wọ́ lórí ilẹ̀, èyí tí ènìyàn wà nínú rẹ̀. Ó sì rí eégún kan tí ó funfun bálau, tí ó ń fa áṣáà símú, tí ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, tí ó sì ń gbẹ́sẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ rí. Gbogbo èrò pa ẹ̀rín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Clapperton kò ṣàì mọ ẹni tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ṣùgbọ́n ogun tú Ọ̀yọ́ Ilé, àwọn eléré fọ́n káàkiri, ààfin tí ń bọ́ wọn kò sí mọ́, ó sì di pé kí wọ́n máa ti ìlú dé ìlú, kí wọ́n máa jó fún owó ẹyọ àti oúnjẹ. Àwọn àlùfáà mùsùlùmí ní ẹ̀ṣẹ̀ ni. Àwọn oníwàásù ní ìbọ̀rìṣà ni. Àwọn bàbá tí ó fi ọmọ sílé ìwé sì ní alágbe ni wọ́n. Ògúndé fúnra rẹ̀ ti tẹ̀ lé ẹgbẹ́ alárìnjó Dáramọ́lá Àtẹ̀lé nígbà tí ó wà ní ọmọdé, nítorí náà kò sí ẹni tí ó ní láti wá sọ fún un bí ilẹ̀ ti í le tó fún ẹni tí ó sun gbàgede ọlọ́jà lẹ́yìn eré.

Nígbà tí ó wá fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, tí ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1945, ìṣòro tí ó kọ́kọ́ pàdé ni ti obìnrin. Ọkùnrin ni ó ti máa ń wọ aṣọ obìnrin láàárín àwọn apidán, ṣùgbọ́n Ògúndé fẹ́ kí obìnrin ṣe obìnrin, kí ó sì gba owó iṣẹ́ rẹ̀ bí òṣìṣẹ́ gidi. Ó kéde pé òun ń wá obìnrin òṣèré. Ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn. Ó tún ìkéde ṣe, ó ní obìnrin akọ̀wé ni òun ń wá. Àwọn ọmọge sì dé, wọ́n kọ lẹ́tà wá, wọ́n múra bí ẹni tí ń lọ sí ọ́fíìsì. Ìgbà tí wọ́n dé tán ni wọ́n tó gbọ́ pé orí ìtàgé ni tábìlì wọn wà. Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni, n kò sì ní yìn ín jù. Ṣùgbọ́n nípa rẹ̀ ni obìnrin fi hàn lórí ìtàgé bí òṣìṣẹ́ tí a ń sanwó fún, nínú eré tí wọ́n ṣe ní oṣù kẹta ọdún 1946. Ó ku bí wọn yóò ṣe dúró, nítorí pé àwọn òbí ń bínú, àfẹ́sọ́nà sì ń bínú ju òbí lọ. Ohun tí Ògúndé ṣe ni pé ó ń fẹ́ wọn níyàwó, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, títí wọ́n fi ju mẹ́wàá lọ, tí ilé rẹ̀ di ẹgbẹ́, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ sì di ilé. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó bá a wí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àwọn obìnrin náà ni wọ́n gbé iṣẹ́ yìí dúró, àwọn ni wọ́n ń jó, tí wọ́n ń kọrin, tí wọ́n sì ń tọ́mọ láàárín ìlú kan sí èkejì, bẹ́ẹ̀ orúkọ ọkọ wọn nìkan ni ó wà lára ọkọ̀.

Ọkọ̀ yẹn! Bí ó bá wọ ìlú lọ́sàn-án, tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ké, tí àwọn òṣèré ń jó lórí rẹ̀, àwọn ọmọ iléèwé a sá tẹ̀ lé e láti òpin ìlú dé ọjà. Nígbà tí ó bá di alẹ́, wọn a tan gáàsì sínú gbọ̀ngàn iléèwé, ẹnì kan a jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì. Orin àti ijó ìbẹ̀rẹ̀ ni a fi ń kí àwọn ènìyàn, kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Bí owó ẹnu ọ̀nà kò bá pé, epo ọkọ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ rà, oúnjẹ a sì dúró.

Ìjọba òyìnbó kò sì gbàgbé wọn. Lẹ́yìn ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńlá ọdún 1945, Ògúndé ṣe eré lórí ìyà àwọn òṣìṣẹ́. Nígbà tí ó gbé e dé Jọ́ọ̀sì ní 1946, ọlọ́pàá, ẹgbẹ́ rẹ̀ àná, ni ó mú un. Ó san owó ìtanràn, ó sì jáde. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ìlú Òyìnbó láti lọ wo bí wọ́n ti ń ṣe tiwọn, ìrìn àjò tí ẹni tí ó dá ara rẹ̀ lójú pátápátá kì bá tí rìn. Nígbà tí ọlọ́pàá sì yìnbọn pa àwọn awakùsà 21 ní Iva Valley lẹ́bàá Enúgu ní oṣù kọkànlá ọdún 1949, ó tún fi ìyẹn ṣe eré.

Kò dá nìkan jẹ ìyà yìí o. Dúró Ládiípọ̀ ti Òṣogbo kọ orin Àjíǹde fún ṣọ́ọ̀ṣì ní 1961, ó sì fi ìlù Yorùbá sí i. Àwọn àgbà ìjọ ní ìlù kèfèrí kò gbọdọ̀ dún nínú ilé Ọlọ́run. Bí wọ́n bá gbà á fún un, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ olórí akọrin rere títí ọjọ́ alẹ́. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní oṣù kẹta ọdún 1962 ó ṣí gbàgede iṣẹ́ ọnà Mbárí Mbáyọ̀ ní Òṣogbo, eré rẹ̀ Ọba Kò So jáde ní 1963, ó sì gbé e dé Berlin ní 1964, pẹ̀lú bàtá àti dùndún kan náà.

Ọdún 1964 yẹn ni ti Ògúndé burú jù lọ. Ìjà ti pín ẹgbẹ́ òṣèlú Ọlọ́pẹ sí méjì, Yorùbá ń bá Yorùbá jà, Ògúndé sì kọ eré Yorùbá Ronú, níbi tí igbákejì ọba ti ta ọba rẹ̀ fún ọ̀tá nítorí oyè. Akíntọ́lá tí í ṣe olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kò ní kí wọ́n túmọ̀ òwe fún òun. Wọ́n ka ẹgbẹ́ Ògúndé léèwọ̀ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn, láti Abẹ́òkúta dé Adó, ibi tí àwọn tí ń gbọ́ èdè rẹ̀ pọ̀ sí jù lọ. Adìẹ bà lókùn: ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ, nítorí àwo orin eré náà ṣì ń dún nínú ilé tí ẹnikẹ́ni kò lè wọ̀ láti pa á. Ògúndé kò tọrọ àforíjì. Èkó kò sí lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ibẹ̀ ni ó dúró sí, ó sì kọ eré mìíràn, ó sọ ọ́ ní Òtítọ́ Korò.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì kí òfin náà tó kúrò nílẹ̀. Àwọn ológun gbàjọba ní oṣù kìíní ọdún 1966, Akíntọ́lá kú sínú rẹ̀, Fájuyì sì di gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn. Ní oṣù kejì ni ó sọ fún Ògúndé pé ọ̀nà ti là. Ní 1967, nígbà tí Nàìjíríà ń wá àwọn tí yóò fi ijó àti orin ṣojú rẹ̀ níbi ìpàtẹ àgbáyé ní Montreal ní Kánádà, òun ni wọ́n ní kí ó kó ẹgbẹ́ lọ, àwọn ìyàwó rẹ̀ sì wà lára àwọn tí ó jó níbẹ̀.