Bí A Ṣe Ń Gbé Wi-Fi Dé Ìta Gbangba Ní Ọgbà Mọ́sáláṣí

Ọ̀pọ̀ mọ́sáláṣí wa ló ti ní íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, al-hamdu lillahi. Ráútà kékeré kan á wà ní ọ́fíìsì Lẹ́mọ́mù tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn, òun náà ni wọ́n fi ń gbé wáásí àti tafsir oṣù Ramadan sórí Facebook àti YouTube. Ṣùgbọ́n ẹ bọ́ síta lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀. Àwọn ìyá wa tó jókòó sábẹ́ kánópì lẹ́yìn ilé kò rí nǹkan kan lórí fóònù wọn. Ọmọkùnrin tó ń ya fídíò lábẹ́ igi máńgòrò á máa ké pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já. Àwọn mọ̀lẹ́bí tó ń wò wá láti London tàbí Houston á kàn rí ojú Àlùfáà tó dúró sójú kan, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ohùn kò jáde.

Ráútà inú ilé kọ́ ló burú, wọn ò ṣe é fún ìta ni. Ògiri búlọ́ọ̀kù ń dín agbára rẹ̀ kù, páànù òrùlé kì í sì í fẹ́ jẹ́ kó kọjá rárá. Ohun tó yẹ fún ìta ni ẹ̀rọ tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní outdoor access point. Ẹ̀rọ Wi-Fi ìta la ó máa pè é níbí. Kì í ṣe òun ló ń mú íntánẹ́ẹ̀tì wá o; ọwọ́ ráútà ló ti ń gbà á, tó sì ń fọ́n ọn ká. Bí dátà ò bá tó, tàbí tí ráútà fúnra rẹ̀ ò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì gidi gbà, ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé lórí. Ẹ̀rọ ẹ̀mu mẹ́wàá kò lè pọn omi tí kò sí nínú kànga.

A ó fi EAP225-Outdoor ti TP-Link ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ó ṣeé tò láìsí ẹ̀rọ mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ti àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Nígbà tí ẹ bá ń rà á, ẹ wo àmì IP lára páálí rẹ̀. IP65 túmọ̀ sí pé eruku kò lè wọ inú rẹ̀, omi tó bá sì ta sí i láti ìhà èyíkéyìí kò ní bà á jẹ́. Ọyẹ́ wa àti òjò wa ń fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti wé ráútà inú ilé mọ́ inú ọ̀rá, tí wọ́n sì so ó mọ́ òpó. Kí òjò tó dé, oòrùn ti sè é nínú ọ̀rá.

Ibi tí a ó gbé e kọ́

Èrò ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé orí gogoro ìpèrun ló dára jù, nítorí pé ó ga. Àṣìṣe gbáà ni. Ẹ̀gbẹ́ ni àwọn ẹ̀rọ báyìí máa ń ju agbára wọn sí bí èèyàn bá na ọ̀pá erìàlì wọn sókè gbọnrangandan. Tí ẹ bá gbé e sókè jù, orí àwọn èèyàn ló máa ń fò kọjá, ilé àwọn aládùúgbò ni Wi-Fi yín máa lọ bá. Orí gogoro náà sì ni àrá máa ń kọ́kọ́ rí. Mítà 3 sí 5 sókè, lára ògiri tó kọjú sí ibi tí èrò ń jókòó, tó fún ìlò wa. Kí páànù má ṣe wà láàárín ẹ̀rọ àti èrò. Igi eléwé púpọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀, pàápàá lẹ́yìn òjò, nígbà tí omi bá wà lára ewé.

Kí ẹ tó gbé àkàbà, ẹ wòkè. Bí okùn iná ìjọba bá kọjá nítòsí, ẹ wá ibòmíràn. Páìpù onírin tó yẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn tó kan okùn yẹn kò ní fún un láyè láti pariwo. Kò sí Wi-Fi tó tó ẹ̀mí ọmọ aráàlú.

Wáyà

Wáyà kan ṣoṣo ló ń lọ bá ẹ̀rọ náà, òun ló ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì, òun náà ló ń gbé iná. Àpótí kékeré kan wà nínú páálí tó ń fi iná sínú wáyà náà. Inú ilé ni àpótí yìí máa ń wà, nítòsí ráútà. Ẹnu méjì ló ní: wáyà tó ti ọ̀dọ̀ ráútà wá máa wọ ẹnu tí wọ́n kọ LAN sí, èyí tó ń lọ sókè máa wọ ẹnu tí wọ́n kọ PoE sí. Bí ẹ bá ṣì í so, iná kò ní tàn lókè. Ohun tó burú jù ni kí ẹnu PoE wọ ara ráútà tàbí kọ̀ǹpútà, nítorí pé àpótí yìí kì í béèrè kó tó ti iná jáde, ó sì lè ba ohun tí kò retí iná jẹ́.

Lórí wáyà ni wọ́n ti ń rẹ́ wa jẹ jù. Cat5e tàbí Cat6 ni kí ẹ rà, kí okùn inú rẹ̀ jẹ́ bàbà tòótọ́. Ayédèrú pọ̀ lọ́jà: alumíníọ̀mù ni, wọ́n kàn fi bàbà bo ara rẹ̀. Ẹ fi abẹ fá okùn tínńrín kan. Tí inú rẹ̀ bá funfun, ẹ dá a padà fún ontajà. Kò ní gbé iná dé òkè dáadáa, á sì máa kán níbi tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́. Ẹ sọ fún ontajà pé ìta ni ẹ fẹ́ lò ó fún, kó fún yín ní aláwọ̀ dúdú tí oòrùn kò lè là. Mítà 100 ni òpin ìrìn wáyà báyìí. Ṣùgbọ́n àpótí inú páálí yìí kò lágbára púpọ̀, 24 fólítì ló ń gbé, nítorí náà bí ọ̀nà bá ṣe kúrú tó ló dára tó.

Kí ẹnu wáyà lára ẹ̀rọ kọjú sílẹ̀. Kí wáyà tó wọ inú ògiri, ẹ jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ kó tó tún gòkè wọlé, kí omi òjò lè máa kán sílẹ̀ láti ibi tó sọ̀ sí. Tí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, omi á máa bá wáyà rìn títí á fi dé inú àpótí iná nínú ọ́fíìsì Lẹ́mọ́mù. Ẹ fi sílíkónì dí ihò ògiri náà.

Ní ti àrá, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná bá yín so páìpù onírin mọ́ ilẹ̀, kó sì fi ohun agbàṣẹ́ àrá sí ojú wáyà kó tó wọlé. Síbẹ̀, bí ojú ọ̀run bá ti ṣú dẹ̀dẹ̀, kí ládánì tàbí ẹni tó ń ṣọ́ ọgbà yọ àpótí náà kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, kó sì yọ wáyà kúrò lára ráútà pẹ̀lú. Yíyọ ọ̀kan nìkan kò tó. Iná tí ẹ̀rọ náà ń jẹ kò tó 15 wáàtì, ìfátà kékeré lè gbé òun àti ráútà jọ jálẹ̀ àkókò tafsir.

Títo ẹ̀rọ náà

Ilẹ̀ ni kí ẹ ti tò ó tán kí ẹ tó gbé e gòkè. Ẹ so ó mọ́ ráútà, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú méjì, lẹ́yìn náà ẹ wo Wi-Fi lórí fóònù yín. Orúkọ kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú TP-Link á yọ. Ẹ wọ ibẹ̀, ẹ ṣí Chrome, ẹ tẹ tplinkeap.net sókè. Admin ni orúkọ, admin náà ni ọ̀rọ̀ aṣínà, lọ́gán ni yóò sì ní kí ẹ pààrọ̀ wọn. Bí ráútà kò bá fún un ní àdírẹ́sì, 192.168.0.254 ni yóò máa jẹ́.

Ẹ fi orúkọ mọ́sáláṣí yín sí SSID. Ọ̀nà méjì ló ní: 2.4 GHz ń rìn jìnnà, ó sì ń la ògiri díẹ̀, ṣùgbọ́n èrò ti pọ̀ jù lójú ọ̀nà náà. 5 GHz yára, kò sì lè rìn jìnnà. Ẹ ṣí méjèèjì. Fún 2.4, ẹ yan channel 1, 6 tàbí 11, èyí tí àwọn aládùúgbò kò fi bẹ́ẹ̀ lò, kí fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 20 MHz. WPA2 ni kí ẹ fi dáàbò bò ó. Ẹ má ṣe yára gbé agbára rẹ̀ dé òpin: fóònù tó wà lókèèrè lè máa gbọ́ ohùn rẹ̀ kedere, kó má lágbára láti dá a lóhùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí: ẹ dá Wi-Fi méjì sílẹ̀. Ọ̀kan fún kámẹ́rà àti ọ́fíìsì, ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá ènìyàn méjì sí mẹ́ta. Èkejì fún jamáà, kí ẹ yan Guest Network sí i, kí fóònù wọn má lè rí ẹ̀rọ ọ́fíìsì. Ẹ lo Rate Limit láti dín jamáà kù, bíi 1 sí 2 Mbps fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Fídíò 720p tí ẹ ń gbé jáde ń fẹ́ bíi 3 sí 4 Mbps ní ìgbà gbogbo. Bí ọmọ mẹ́ta bá ń wo bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ògiri, wáásí á dákẹ́.

Scheduler náà wà nínú rẹ̀, tó lè ti Wi-Fi jamáà nìkan pa ní wákàtí kan. A kúkú mọ ohun tí ẹ̀sìn wa sọ nípa ẹni tó ń fi nǹkan ṣeré nígbà kútúbà. Ìmọ̀ràn tèmi ni kí ẹ ti í pa láti ìgbà tí Lẹ́mọ́mù bá gun mínbárì títí ìrun Jímọ̀ á fi parí, kí ti kámẹ́rà máa ṣiṣẹ́ lọ. Ẹ rí i pé aago inú rẹ̀ bá ti Nàìjíríà mu, UTC+1, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìgbà tí kò yẹ ni yóò máa ti ilẹ̀kùn.

Àwọn òbí máa ń béèrè nípa ìwòkuwò. Lórí ráútà, kì í ṣe lórí ẹ̀rọ ìta, ni kí ẹ lọ sí DNS, kí ẹ fi 1.1.1.3 àti 1.0.0.3 síbẹ̀. Ti ilé-iṣẹ́ Cloudflare ni, ọ̀fẹ́ sì ni. Ó ń dí àwọn ojúlé oníhòòhò àti àwọn tó ń kó kòkòrò ran fóònù. Ọmọ tó bá mọ VPN tàbí tó ní dátà tirẹ̀ á gbọ̀nà ẹ̀bùrú, nítorí náà ojú òbí kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀.

Owó sàráà ni wọ́n fi ra nǹkan wọ̀nyí, nítorí náà ẹ kọ gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà sínú ìwé kan, kí akọ̀wé mọ́sáláṣí tọ́jú rẹ̀. Mo mọ ibi tí ọ̀dọ́ tó tò ó ti rìnrìn àjò, tí ẹnikẹ́ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń wọlé mọ́. Wọ́n ní láti gun àkàbà, kí wọ́n tẹ bọ́tìnì reset, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nígbà tí Ramadan ku ọjọ́ méjì.

Lẹ́yìn tí ẹ bá gbé e kọ́ tán, ẹ fi fóònù rin ọgbà yípo, kí ẹ dúró níbi tí àwọn obìnrin ń jókòó, kí ẹ pe ẹnì kan lórí fídíò níbẹ̀. Bí èrò yín bá ju bíi àádọ́ta lọ níta, ẹ̀rọ kan kò ní tó. Kí èkejì lo channel mìíràn. Lẹ́yìn òjò ńlá àkọ́kọ́, kí ẹnì kan tú ẹnu wáyà tó wà lókè wò, bóyá ó tutù.