Ẹsẹ̀ Alátọ̀gbẹ àti Ìwé Ìfọwọ́sí: Ìtàn Ìtọ́jú Kan Láti Ẹdẹ

Àtọ̀gbẹ ni orúkọ tí Yorùbá fún àìsàn tí ó ń jẹ́ kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, orúkọ náà sì ń sọ ohun tí ojú àwọn àgbà rí, nítorí pé ẹni tí ó bá ní i a máa tọ̀ lemọ́lemọ́ títí ara rẹ̀ yóò fi gbẹ, èèrà a sì máa ṣù bo ibi tí ó bá tọ̀ sí. Ohun tí orúkọ náà kò mẹ́nu kàn ni ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ gan-an ni àìsàn yìí ti ń ṣe ọṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ìdílé kì í gbàgbé. Nínú oríṣi kejì rẹ̀, tí ó wọ́pọ̀ jù lọ láàrin àwọn àgbàlagbà, ínsúlíìnì, ìyẹn èròjà ara tí ó ń darí ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ẹran ara, ṣì wà, ṣùgbọ́n ara kì í dá a lóhùn dáadáa mọ́. Bí ṣúgà bá wá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún púpọ̀, a ba iṣan tí ènìyàn fi ń mọ ìrora jẹ́, a sì dín ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé ẹsẹ̀ kù, débi pé ẹsẹ̀ lè farapa kí ẹni tí ó ni ín má mọ̀, kí egbò náà sì kọ̀ láti jiná.

Ní ìlú Ẹdẹ, tí àwọn Tìmì ti ń jọba létí odò Ọ̀ṣun láti ìgbà tí Aláàfin Ọ̀yọ́, gẹ́gẹ́ bí ìtàn ti sọ, ti rán Tìmì àkọ́kọ́ wá ṣọ́ ààlà, iṣẹ́ oko ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe látijọ́, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n sì fi ń tẹ kùkùté, ẹ̀gún àti òkúta. Egbò ẹsẹ̀ kì í ṣe àjèjì. Wọ́n ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, wọ́n ń gún ewé lé e, wọ́n sì ń fi òrí pa awọ tí ó yí i ká kí ó lè rọ̀. Èyí tí kò bá gbóògùn ni wọ́n ń pè ní egbò àdáàjinná, bí aláìsàn kò bá sì rántí ohun tí ó gún un, wọn a ní ó fẹsẹ̀ tẹ nǹkan, ìyẹn ni pé ọ̀tá ti sin oògùn sí ojú ọ̀nà dè é. Kò yẹ kí òǹkàwé òde òní fi ojú òmùgọ̀ wo àlàyé yìí, nítorí pé ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ ti rí òótọ́ kan tí ó ṣe kókó: egbò wà tí olúwa rẹ̀ kò mọ ìgbà tí ó dé. Ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìmọ̀ pé iṣan tí ó yẹ kí ó jẹ́ iṣẹ́ ìrora ti kú.

Ìmọ̀ náà pẹ́ kí ó tó dé. Ọdún 1907 tí ojú irin gba Ẹdẹ kọjá dé Òṣogbo náà ni Dókítà George Green dé Ògbómọ̀ṣọ́ láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìṣègùn ìjọ Baptist, ṣùgbọ́n ọdún 1921 ni wọ́n tó ṣàwárí ínsúlíìnì ní Toronto, ní Kánádà. Oògùn náà mú kí àwọn alátọ̀gbẹ pẹ́ láyé, pípẹ́ tí wọ́n sì ń pẹ́ ni ó jẹ́ kí ọ̀ràn ẹsẹ̀ wọn hàn gbangba. Ní 1934, Elliott Joslin ní ìlú Boston kìlọ̀ nípa ewu ẹsẹ̀ tí ẹran rẹ̀ ń kú, tí ó ń dúdú, tí ó sì ń jẹrà, ó sì tẹnu mọ́ ọn pé ìmọ́tótó àti ìtọ́jú ẹsẹ̀ lè dènà rẹ̀. Nílẹ̀ Yorùbá, Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, onímọ̀ nípa ọpọlọ àti iṣan, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn, tẹ ìwádìí jáde ní 1971 lórí alátọ̀gbẹ 832, iye tí ó tó láti pa ẹnu ẹni tí ó bá ní àìsàn òyìnbó ni àtọ̀gbẹ mọ́.

Ibi tí òye ìtọ́jú ẹsẹ̀ ti jinlẹ̀ jù lọ, lọ́dọ̀ àwọn adẹ́tẹ̀ ni. Paul Brand, dókítà oníṣẹ́ abẹ tí ó ṣiṣẹ́ ní Vellore, ní Íńdíà, ṣàkíyèsí pé kì í ṣe ẹ̀tẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń jẹ ìka àwọn aláìsàn tán. Ìpalára ojoojúmọ́ tí wọn kò mọ̀ lára ni. Ó rí i pé èkúté a máa jẹ ìka wọn lóru láìjẹ́ pé wọ́n jí, ó sì ṣètò pé kí ẹni tí ó bá ń padà sílé mú ológbò dání. Yorùbá tí ó ti ń sọ tipẹ́ pé èkúté a máa fẹ́ atẹ́gùn sí ẹsẹ̀ bí ó ti ń jẹ ẹ́ kò ní rí èyí bí ohun tuntun. Nígbà tí Brand lọ sí Carville, ní Amẹ́ríkà, ní 1966, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo ọgbọ́n kan náà fún àwọn alátọ̀gbẹ: wọ́n ń fi POP, ìyẹn ìdè tí ó máa ń le gbagidi, di ẹsẹ̀ títí dé abẹ́ orúnkún, kí ìwúwo ara lè pín káàkiri, kí ó má baà dá lórí egbò nìkan. Láti inú iṣẹ́ ìtọ́jú ẹ̀tẹ̀ yìí náà ni fọ́nrán ọ̀rá kan ti di irinṣẹ́ àyẹ̀wò àtọ̀gbẹ. Fọ́nrán náà tín-ín-rín bí irun ìgbálẹ̀, ó sì máa ń tẹ̀ kọrọdọ bí agbára tí a fi tẹ̀ ẹ́ bá tó ìwọ̀n gíráàmù 10. Aláìsàn a di ojú, nọ́ọ̀sì a fi fọ́nrán náà kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ níbi mélòó kan, aláìsàn a sì sọ ìgbà tí ó mọ̀ ọ́n lára. Ibi tí ó bá dákẹ́ sí ni ewu wà, nítorí pé ibẹ̀ ni ìṣó lè wọ̀ láti inú sálúbàtà kí ó sì bá a dé ọjà kí ó padà wálé, ibẹ̀ náà sì ni iná lè jó nígbà ọyẹ́ bí ó bá na ẹsẹ̀ síbi tí wọ́n ti ń yáná.

Láàrin 2016 sí 2017, àwọn dókítà Nàìjíríà tẹ̀lé alátọ̀gbẹ 336 tí wọ́n gbà sí ilé ìwòsàn ńlá mẹ́fà nítorí egbò ẹsẹ̀. Ẹni 119 nínú wọn ni wọ́n gé ẹsẹ̀ tàbí apá kan rẹ̀, 69 sì kú. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé egbò wọn ti jinlẹ̀ kí wọ́n tó dé, ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí wọ́n máa dán ọ̀nà ìdènà wò ní ìlú bí Ẹdẹ, níbi tí aláìsàn ń gbé, dípò Òṣogbo tàbí Ilé-Ifẹ̀ níbi tí wọ́n ń gbé e lọ nígbà tí ó bá ti bọ́.

Ìwádìí tí a fi ń dán ìtọ́jú wò ní ìtàn tirẹ̀, ìtàn náà sì ní ibi tí ó dunni. Ní Kánò ní 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń pa àwọn ọmọdé, ilé-iṣẹ́ Pfizer dán oògùn Trovan wò lára nǹkan bí 200 ọmọ, wọ́n fún ìdajì wọn ní oògùn tuntun, ìdajì yòókù sì gba èyí tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀. Mọ́kànlá nínú gbogbo àwọn ọmọ náà kú. Àwọn òbí ní ẹnikẹ́ni kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Ilé-iṣẹ́ náà ní àwọn gba àṣẹ lẹ́nu, pé àrùn náà ni ó sì pa àwọn ọmọ. Ní 2009, ó gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là láti fi parí ẹjọ́ pẹ̀lú ìjọba Kánò. Ìfura tí ọ̀ràn yìí dá sílẹ̀ kò tíì kúrò lọ́kàn ará ìlú, kò sì yẹ kí oníwàádìí kankan bínú sí i. Ní 2007 ni ìlànà ìwà ẹ̀tọ́ fún ìwádìí ìlera jáde ní Nàìjíríà, òfin ìlera ti 2014 sì sọ ọ́ di dandan pé kí ẹni tí wọn yóò lò fún ìwádìí fọwọ́ síwèé lẹ́yìn tí ó bá ti gbọ́ èrè àti ewu rẹ̀.

Ẹdẹ kì í ṣe àlejò nínú iṣẹ́ ìwádìí, nítorí pé ní Yunifásítì Redeemer's tí ó wà níbẹ̀ ni ibùdó ìwádìí àbùdá tí wọ́n ń pè ní ACEGID ti ṣe ìtúpalẹ̀ àbùdá kòkòrò àrùn COVID-19 ní oṣù kẹta ọdún 2020, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ìwádìí ìtọ́jú ẹsẹ̀ yàtọ̀, nítorí pé ara ènìyàn alààyè ni yóò ti wáyé, fún oṣù púpọ̀. Ẹni tí wọ́n bá pè sínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ ní Yorùbá pé gègé ni wọn yóò ṣẹ́ láti mọ ẹni tí yóò gba ọ̀nà tuntun, kí ojúsàájú má baà wọ̀ ọ́, pé ẹni tí gègé kò bá mú yóò ṣì máa gba ìtọ́jú tí ó tọ́ sí i, pé ó sì lè yọwọ́ nígbàkígbà láìjẹ́ pé dókítà kọ̀ ọ́. Bí kò bá mọ̀wé, kí ẹlòmíràn tí kì í ṣe ara àwọn oníwàádìí wà níbẹ̀ kí wọ́n tó gba ìtẹ̀ka rẹ̀. Ẹ̀dà kan ìwé náà, pẹ̀lú nọ́ńbà tẹlifóònù ìgbìmọ̀ tí ó fọwọ́ sí ìwádìí ọ̀hún, gbọ́dọ̀ bá a délé, kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè kà á fún un lẹ́ẹ̀kan sí i.