Àjọṣe akẹ́kọ̀ọ́ àti iléeṣẹ́ lórí àtúnṣe àṣà ibi iṣẹ́

Àjọṣe yìí ni kí ẹni tó ti gboyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì, tó ń kàwé lọ sí oyè kejì tàbí oyè ọ̀mọ̀wé, wọ iléeṣẹ́ kan lọ, kí òun àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ jọ yẹ ìṣe wọn wò, kí wọ́n sì jọ wá ọ̀nà tí wọn yóò gbà tún un ṣe. Àṣà ibi iṣẹ́ kì í sí nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́, àmọ́ kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n: ta ló lẹ́nu ọ̀rọ̀ nípàdé, kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá sọ pé ẹ̀rọ kò dára, ta ni wọ́n ń dárí jì tó bá pẹ́ dé. Àjọṣe yìí yàtọ̀ sí ìkọ́ṣẹ́, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti wá kọ́ ohun tí iléeṣẹ́ ti mọ̀. Ìkọ́ṣẹ́ yìí ló gbilẹ̀ ní Nàìjíríà.

Ìbẹ̀rẹ̀ ní Marion

Ibi tí ìtàn rẹ̀ ti ṣe kedere jù lọ ni Harwood Manufacturing Corporation, iléeṣẹ́ tó ń rán aṣọ àwọ̀sùn ní ìlú Marion, ní ìpínlẹ̀ Virginia lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Alfred Marrow tó ń darí rẹ̀ jẹ́ ọ̀mọ̀wé nínú saikọ́lọ́jì. Ní 1939, ó ké sí Kurt Lewin, ọmọ Júù tó kúrò ní Jámánì ní 1933 nígbà tí Hitler gorí oyè, tó sì ń kọ́ni ní Yunifásítì Iowa. Ẹjọ́ tí Marrow rò fún un ni pé àwọn obìnrin tí òun gbà síṣẹ́ kì í ṣe iye aṣọ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìhà àríwá ń ṣe, wọ́n sì ń fiṣẹ́ sílẹ̀ lemọ́lemọ́. Lewin ní kí wọ́n yéé dúró lé wọn lórí lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa bá wọn sọ̀rọ̀ ní ẹgbẹ́ẹgbẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Lewin kan, Alex Bavelas, ni iṣẹ́ náà já lé léjìká. Á pe ìwọ̀nba òṣìṣẹ́ jọ fún ìpàdé kúkúrú, wọ́n á fẹnu ara wọn sọ ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́, lẹ́yìn náà wọ́n á dìbò lórí iye tí wọ́n fẹ́ máa ṣe. Gẹ́gẹ́ bí Marrow ṣe ròyìn rẹ̀, ẹgbẹ́ kan tó ń ṣe ẹyọ 75 dìbò pé àwọn yóò dé 87 láàárín ọjọ́ 5. Wọ́n dé e. Nígbà tó yá, àwọn náà ló tún gbé e sí 90. Àwọn tí wọ́n kàn bá jíròrò láìdìbò kò ní irú ìlọsíwájú bẹ́ẹ̀.

Lewin kú ní oṣù kejì 1947. Lọ́dún yẹn náà, Lester Coch tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Harwood àti John French, onímọ̀ saikọ́lọ́jì, ṣe ìdánwò tó sọ iléeṣẹ́ náà di olókìkí. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1948 nínú jọ́nà Human Relations. Wọ́n fẹ́ yí ọ̀nà iṣẹ́ padà. Ẹgbẹ́ ènìyàn 18 wà tí wọ́n kàn pàṣẹ fún. Ẹgbẹ́ ènìyàn 13 yan aṣojú tó bá ọ̀gá dúnàádúrà. Ẹgbẹ́ kékeré méjì, ti ènìyàn 8 àti ti ènìyàn 7, sì ní gbogbo wọn pátá lọ́wọ́ nínú bí ìyípadà náà yóò ṣe rí. Láàárín ogójì ọjọ́, ìpín 17 nínú ọgọ́rùn-ún lára àwọn tí wọ́n pàṣẹ fún ti fiṣẹ́ sílẹ̀, iṣẹ́ àwọn tó kù kò sì padà bọ̀ sípò. Àwọn tí gbogbo wọn jọ lọ́wọ́ sí i kọjá iye tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀ ní nǹkan bí ìpín 14 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ohun tí èyí fi hàn gan-an ni kò tíì yanjú. Àwọn ẹgbẹ́ náà kéré, iṣẹ́ wọn kò sì dọ́gba: àwọn kan ń lọṣọ, àwọn kan ń ká a, àwọn kan ń yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí French àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbìyànjú irú rẹ̀ ní iléeṣẹ́ bàtà kan ní Norway, ìròyìn tí wọ́n tẹ̀ ní 1960 fi hàn pé iṣẹ́ kò pọ̀ sí i. Ní 1981, àwọn olùwádìí Bartlem àti Locke jiyàn pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àlàyé àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ẹgbẹ́ kan rí gbà ju èkejì lọ ló mú ìyàtọ̀ wá, kì í ṣe ìdìbò. Ó jọ pé ohun tí a lè sọ láìṣì ni pé ẹgbẹ́ tí kò sẹ́ni tó bi í léèrè ni ọ̀rọ̀ kò bá lára mu jù.

Ní Nàìjíríà

Ìjọba àpapọ̀ dá Industrial Training Fund, tí gbogbo ayé mọ̀ sí ITF, sílẹ̀ ní 1971. Òun ló gbé SIWES kalẹ̀ ní 1973, ètò ìkọ́ṣẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní IT. Akẹ́kọ̀ọ́ 748 láti iléèwé 11 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 1974; nígbà tó fi di 1978, wọ́n ti tó nǹkan bí 5,000 láti iléèwé 32. Owó ètò náà ju agbára ITF lọ, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. NUC, àjọ tó ń bójú tó yunifásítì, àti NBTE, tó ń bójú tó politẹ́kíníìkì, gbà á ní 1979, ó tún padà sọ́wọ́ ITF ní 1985, ìjọba àpapọ̀ sì ń gbé owó sílẹ̀. Ní 2008, akẹ́kọ̀ọ́ 210,390 láti iléèwé 219 ló kópa. Ẹni tó bá fẹ́ lọ ka HND, ìwé ẹ̀rí àgbà ti politẹ́kíníìkì, náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ọdún kan ṣe IT.

Àwọn tí kò tíì gboyè ni SIWES wà fún. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ ló ń wọ inú lógbúùkù, ọ̀gá iléeṣẹ́ á sì buwọ́ lù ú. Kò sí ojú ewé tí iléeṣẹ́ ti ń kọ ohun tí òun kọ́ lọ́dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́.

Àwọn tó ń ka oyè kejì ló sún mọ́ iṣẹ́ Bavelas, irú àwọn tó ń ka Managerial Psychology ní Yunifásítì Ìbàdàn tàbí ọ̀rọ̀ àjọṣe òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ ní Yunifásítì Èkó. Fọ́ọ̀mù ìbéèrè ni irinṣẹ́ wọn. Ẹni tó bá ti pín in rí mọ̀ pé òṣìṣẹ́ á kọ́kọ́ béèrè bóyá ọ̀gá yóò rí ohun tí òun kọ. Ìwé àpilẹ̀kọ á wá lọ sí yàrá ìkàwé yunifásítì, ìyẹn ibi tí àwọn tó dáhùn ìbéèrè kì í dé.

Olùwádìí Geert Hofstede fi àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM wo bí àárín ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ ṣe rí, ó sì pa Nàìjíríà, Ghana àti Sierra Leone pọ̀ mọ́ra gẹ́gẹ́ bí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nínú ìwé rẹ̀ ti 1991, ìwọ̀n bí ọ̀gá ṣe jìnnà sí ọmọ abẹ́ rẹ̀ jẹ́ 77, ti ìdádúró ẹni sì jẹ́ 20. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa ló ń tò ó sínú iṣẹ́ wọn bíi pé gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló ń ṣiṣẹ́ ní IBM.

Mowe, Ìbàfò àti Ifọ̀

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ yìí ní agbègbè kan ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Mowe àti Ìbàfò wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ifọ̀ jẹ́ ibi tí ọ̀nà rélùwéè ti yà lọ sí Ìláròó àti Ìdògò. Yunifásítì kì í ṣe àjèjì níbẹ̀: Yunifásítì Redeemer's bẹ̀rẹ̀ ní Mowe ní 2005, kó tó kó lọ sí Ẹdẹ. Yunifásítì Mountain Top wà ní Ìbàfò láti 2015.

Ọ̀pọ̀ ará agbègbè yìí ló ń jí lọ síṣẹ́ ní Èkó kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí náà ìwé apẹ́lẹ́yìn lẹ́nu géètì ni àṣà ibi iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́kọ́ bá pàdé láàárọ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nílé ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn wà ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀, kápẹ́ńtà àti mẹkáníìkì. Kò sí lógbúùkù níbẹ̀. Ọ̀gá ló ń sọ ìgbà tí ọmọ iṣẹ́ lè sọ̀rọ̀, ọjọ́ frídọ́ọ̀mù, ìyẹn ayẹyẹ ìparí ẹ̀kọ́ṣẹ́, sì ni ọmọ iṣẹ́ kọ́kọ́ máa ń gba ẹnu sọ ọ̀rọ̀ níwájú àwùjọ.