Láti Orí Asọ̀rọ̀mágbèsì Dé Orí Fóònù: Ẹ̀kọ́ Yorùbá Lẹ́yìn Ògiri Ilé-Ìwé

Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn baba wa sọ rédíò. Orúkọ náà bá ìwà rẹ̀ mu: ó ń sọ̀rọ̀, kì í gba èsì. Bẹ́ẹ̀ sì ni èsì ni olùkọ́ fi ń mọ̀ bóyá ẹ̀kọ́ wọlé.

Ní oṣù Kejìlá 1935 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà pín ètò BBC sí ilé àwọn tó ń sanwó l'Ékòó. Ibi tí wáyà bá parí sí ni ẹ̀kọ́ náà ń parí sí. Lẹ́yìn òmìnira 1960 ni rédíò kékeré oníbátìrì gbilẹ̀, tí ó ń bá àgbẹ̀ dé oko, tí ó ń bá ọlọ́jà dé ìsọ̀. Ṣáájú èyí, tẹlifíṣọ̀n WNTV ti bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn ní 31 oṣù Kẹwàá 1959. Ẹ̀kọ́ wà lára ìdí tí ìjọba Awólọ́wọ̀ fi dá a sílẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí gbé ohùn Yorùbá jáde bó ti yẹ, ṣùgbọ́n wọn kò gba èsì.

Fóònù alágbèéká GSM, tó dé ní 2001, ló yí èyí padà. Nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilé-ìwé ní oṣù Kẹta 2020, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó padà sídìí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi WhatsApp kún un. Lónìí, ní Kòsọ́fẹ́, ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ ta ata ní Máìlì 12 lè ṣe iṣẹ́ àmúrelé nídìí àtẹ, kí ó sì fèsì lójú ẹsẹ̀, bí dátà bá wà.

Ewu tibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í fi àmì sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù. 'Oko' lásán ni wọn ń tẹ̀. Ṣé oko àgbẹ̀ ni, àbí ọkọ ìyàwó, àbí ọkọ́ tí a fi ń roko, àbí ọkọ̀ tí a ń wọ̀ ní Kétu? Ẹni tó fi ọdún kan kọ Yorùbá láìlámì kò lè ṣàdédé rántí Àkọtọ́ 1974 nínú gbọ̀ngàn ìdánwò.

A kò ní kí a gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ. Kí ó ka àyọkà, kí ó gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, kí ó fi ránṣẹ́. Kí ó tún fi bírò kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú àmì, kí ó ya fọ́tò rẹ̀. Kí àwa náà sì fún un ní máàkì lórí méjèèjì. Asọ̀rọ̀mágbèsì fún wa ní ohùn láìsí èsì. Fóònù ń fún wa ní èsì láìsí àmì ohùn. Olùkọ́ ni yóò so méjèèjì pọ̀.