Àwọn Agbábọ́ọ̀lù Adúláwọ̀ Ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti Ìwé Àkọsílẹ̀

Láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń ṣe eré bésíbọ́ọ̀lù. Ẹnì kan a ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kejì a fi ọ̀pá gbá a, akọ̀wé a sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí akọ̀wé báńkì ti ń kọ owó. Nínú irú eré bẹ́ẹ̀, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé dà bí ẹni tí kò gbá bọ́ọ̀lù rí.

Ní ọdún 1884, Moses Fleetwood Walker, ọkùnrin adúláwọ̀, wà nínú ẹgbẹ́ Toledo, ó sì bá àwọn òyìnbó gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì ńlá. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, àwọn tí ó ni ẹgbẹ́ ti fi ohùn ṣọ̀kan láti lé àwọn adúláwọ̀ jáde. Wọn kò kọ òfin náà sílẹ̀, síbẹ̀ ó múlẹ̀ ju òfin tí a kọ lọ. Nígbà tí ó di oṣù Kejì ọdún 1920, Rube Foster pe àwọn olórí ẹgbẹ́ adúláwọ̀ jọ sí Kansas City, wọ́n sì dá líìgì tiwọn sílẹ̀.

Àwọn ènìyàn wọ̀nyí mọ eré náà dunjú, ṣùgbọ́n ìyà jẹ wọ́n. Inú bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń sùn nígbà tí àwọn ilé ìtura kò bá gbà wọ́n. Ìwé ìròyìn àwọn adúláwọ̀ fúnra wọn, bí Pittsburgh Courier àti Chicago Defender, ni ó ń ròyìn wọn déédé. Josh Gibson, tí ń hán bọ́ọ̀lù lẹ́yìn agbábọ́ọ̀lù, tí òun náà sì jẹ́ àgbà nínú gbígbá a, kú ní oṣù Kìíní ọdún 1947, ní ẹni ọdún 35. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Jackie Robinson wọ pápá fún ẹgbẹ́ Brooklyn. Satchel Paige, ajubọ́ọ̀lù tí òkìkí rẹ̀ kàn, ti pé ẹni ọdún 42 kí Cleveland tó gbà á ní 1948.

Ọ̀nà ọlá kọ́kọ́ là ní 1966, nígbà tí Ted Williams, òyìnbó, ń gba oyè tirẹ̀ ní ilé ìrántí àwọn akọni eré náà ní Cooperstown, tí ó sì béèrè pé kí wọ́n fi Paige àti Gibson síbẹ̀. Ní 1971 wọ́n gba Paige. Wọ́n tilẹ̀ kọ́kọ́ fẹ́ yà á sí ibi ọ̀tọ̀, àfi ìgbà tí aráyé pariwo. Gibson tẹ̀lé e ní 1972. Ní 2006 wọ́n gba ènìyàn 17 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Buck O'Neil kò sí nínú wọn, síbẹ̀ òun ni ó dìde sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ náà láti bu ọlá fún àwọn tí wọ́n yàn. Ó kú ní ọdún kan náà; 2022 ni wọ́n tó fi orúkọ tirẹ̀ síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni oyè, ọ̀tọ̀ ni ìwé. Ní 1969, ìgbìmọ̀ kan ti ka líìgì mẹ́fà sí líìgì ńlá, kò sì sí ti adúláwọ̀ kankan nínú rẹ̀. Oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni àwọn aláṣẹ tó gba méje nínú àwọn líìgì adúláwọ̀, láti 1920 dé 1948. Ìgbójúfò ni wọ́n pe àṣìṣe náà. Ọ̀rọ̀ yẹn fúyẹ́ jù fún ohun tí a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe. Àwọn olùwádìí ti ń tú ìwé ìròyìn àtijọ́ wò fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ń ṣa eré jọ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn àkójọ wọn ni ó sì wọ ìwé ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024. Gibson gba ipò kìíní: nínú ìgbà 1000 tí ó bá dúró pẹ̀lú ọ̀pá, yóò gbá a dáradára ní ìgbà 372. Ty Cobb, òyìnbó tí ó ti ń mú ipò náà, ní 367.

Àwọn kan ṣàwáwí pé eré líìgì adúláwọ̀ kéré jù lọ́dún kan. Òótọ́ ni pé kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ní 2020, tí àrùn Kòrónà dá ayé dúró, eré 60 péré ni wọ́n là kalẹ̀ fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú líìgì ńlá, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé láìjiyàn.

Eré líìgì nìkan ni ìwé náà kà. Lára àmì ẹ̀yẹ Gibson ní Cooperstown, wọ́n kọ ọ́ pé bọ́ọ̀lù tí ó gbá fò kọjá odi pápá kù díẹ̀ kí ó pé 800. Èyí tí ó wà nínú ìwé kò tó 200. Púpọ̀ nínú ìyókù, ní àwọn ìlú kéékèèké tí bọ́ọ̀sì wọn ń yà sí ni ó ti gbá a.