Gbà-má-bínú

Gbólóhùn lásán ni ọ̀rọ̀ yìí kó tó di orúkọ owó: gbà, má bínú. Ẹni tó ṣẹ̀ ló ń sọ ọ́, tó na owó sí ẹni tó fara pa. Owó ilé ìwòsàn wà nínú rẹ̀, owó ọjọ́ iṣẹ́ tó sọnù náà wà níbẹ̀. Ojúkojú ni wọ́n sì wà.

Awakọ̀ tó gbá ènìyàn, tó sì sá lọ ńkọ́? Ó wo dígí, ó rí ẹni tó wà nílẹ̀, ó rí bàtà ẹsẹ̀ kan láàárín títì, ó tún sáré sí i. Kò wí pé gbà, kò wí pé má bínú. Ẹ má pe owó tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ìtanràn o, àpò ìjọba ni ìtanràn ń lọ.

Ní ìpínlẹ̀ Georgia, ní Amẹ́ríkà, ilé ẹjọ́ lè fi owó mìíràn lé gbà-má-bínú bí ẹ̀rí bá fi hàn kedere pé onítọ̀hún mọ̀ọ́mọ̀ kọ etí ikún sí ewu. Kì í ṣe láti dí àdánù, láti fi jẹ ẹ́ níyà ni. $250,000 ni òpin rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, àmọ́ òpin yẹn kò gba ẹni tó mutí yó wakọ̀ sílẹ̀.

Owó àríkọ́gbọ́n ni èmi yóò pè é. Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ bá ṣojú yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ nọ́ńbà ọkọ̀ náà sílẹ̀. Bí a kò bá rí awakọ̀, kò sí ẹni tí yóò san owó àríkọ́gbọ́n.