Yíyan Bọ́ọ̀dù Ìgbì Òkun Àlòkù fún Ẹni tí ó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Kọ́ Ọ

Gígun ìgbì òkun jẹ́ eré ìdárayá tí ènìyàn fi ń dúró lórí pátákó gígùn, tí ìgbì yóò sì máa gbé e bọ̀ sí etíkun. Ó di ọ̀kan lára àwọn eré Ìdíje Òlíńpíìkì ní Tokyo 2020, èyí tí ó wáyé ní ọdún 2021. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, Tarkwa Bay ni a ti mọ̀ ọ́n jù lọ, àwọn ọ̀dọ́ tí a tọ́ ní etí omi sì wà lára àwọn tí ó mọ̀ ọ́n gùn dáadáa. Bọ́ọ̀dù ni a ó máa pe pátákó náà nínú àpilẹ̀kọ yìí.

Bọ́ọ̀dù tuntun wọ́n, òkè òkun ni a sì ti ń kó o wá. Nítorí náà, àlòkù, èyí tí a tún ń pè ní tòkunbọ̀, ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fi ń bẹ̀rẹ̀. Kò sí àbùkù nínú èyí, bí ẹni tí ó ń rà á bá mọ ohun tí ó yẹ kí ó wò. Ṣùgbọ́n kí a rántí pé bọ́ọ̀dù ni ó ń gbé akẹ́kọ̀ọ́ léfòó nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá kan ilẹ̀ mọ́. Bí ó bá kéré jù fún un, tàbí tí ó ti mu omi, tàbí tí ó ti ṣẹ́ rí, ó lè já a kulẹ̀ níbi tí olùrànlọ́wọ́ kò sí nítòsí. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a kọ́kọ́ wo bí bọ́ọ̀dù ṣe ń léfòó àti bí ara rẹ̀ ṣe le tó, kí a tó wo ẹwà rẹ̀, orúkọ tí a kọ sí i lára, tàbí bí ó ṣe pọ́ọ́kú tó.

1. Dídá bọ́ọ̀dù ìgbì mọ̀ láàrin àwọn pátákó mìíràn

Níbi tí a ti ń ta ẹrù tòkunbọ̀, oríṣiríṣi pátákó omi ni a máa ń kó pọ̀. Ẹ fi àwọn àmì wọ̀nyí yà wọ́n sọ́tọ̀:

• Pátákó tí a ń dùbúlẹ̀ lé: kì í sábà gùn ju mítà kan àti díẹ̀ lọ, ó rọ̀, kò sì ní lẹbẹ lábẹ́. A kì í fi í kọ́ ìdúró.
• Pátákó tí a ń fi àjẹ̀ wà ní ìdúró: ó tóbi, ó sábà máa ń fẹ̀ tó íǹṣì 30, ó sì ní ihò ìgbámú ní àárín gbùngbùn. Òmíràn wà tí a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí nínú.
• Pátákó onígbòkun: ó ní ojúhò ní àárín fún òpó ìgbòkun, ó sì sábà máa ń ní ìdè tí a ń ki ẹsẹ̀ bọ̀.
• Bọ́ọ̀dù ìgbì gan-an: imú rẹ̀ rí ṣóńṣó tàbí kí ó rí roboto, lẹbẹ kan sí márùn-ún wà lábẹ́ ìdí rẹ̀, ibi tí a ń so okùn ẹsẹ̀ mọ́ sì wà lókè ìdí náà. Kò ní ojúhò fún òpó.

2. Ẹ̀yà ara bọ́ọ̀dù

Imú ni iwájú, ìdí sì ni ẹ̀yìn. Ojú òkè ni a ń dúró lé, abẹ́ ni ó ń fi ara kan omi, etí sì ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Nínú ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù líle, ọ̀pá igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba àárín fóòmù kọjá láti imú dé ìdí. Òun ni ó dà bí ọ̀pá ẹ̀yìn ènìyàn. Lẹbẹ ni kì í jẹ́ kí bọ́ọ̀dù máa yọ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Okùn ẹsẹ̀ ni ó so bọ́ọ̀dù mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ ẹni tí ó gùn ún.

3. Oríṣi bọ́ọ̀dù àti èyí tí ó yẹ akẹ́kọ̀ọ́

Bọ́ọ̀dù olójú rírọ̀ ni ó dára jù fún ìbẹ̀rẹ̀. Fóòmù rírọ̀ ni a fi bo ojú òkè rẹ̀, ó ń léfòó dáadáa, bí ó bá sì gbá ènìyàn, ìpalára rẹ̀ kéré sí ti èyí tí ó le.

Bọ́ọ̀dù líle gígùn, tí ó tó ẹsẹ̀ bàtà 9, tún dúró ṣinṣin lórí omi. Àgbàlagbà lè fi í kọ́ eré yìí bí àyè bá wà ní etíkun, ṣùgbọ́n ó wúwo, ó sì léwu fún ẹni tí ó bá wà nítòsí.

Bọ́ọ̀dù líle kúkúrú, tí ó gùn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 6, tí ó sì tínrín, ni ó máa ń fa ojú àwọn ọ̀dọ́ mọ́ra jù, nítorí òun ni wọ́n ń rí lábẹ́ àwọn ọ̀gá. Òun náà ni kò yẹ akẹ́kọ̀ọ́ rárá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju lítà 25 sí 32 lọ, wọn kò sì lè gbé ẹni tí kò tíì mọ bí a ṣe ń fi ọwọ́ tukọ̀ bá ìgbì.

Bọ́ọ̀dù líle tún pín sí ọ̀nà méjì nípa ohun tí a fi ṣe é. Ti àkọ́kọ́ ní fóòmù polyurethane nínú, pẹ̀lú fáíbà àti rẹ́sìn polyester lára. Èkejì ní fóòmù EPS, irú fóòmù funfun oníhóró tí a fi ń di ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n sínú páálí, pẹ̀lú rẹ́sìn epoxy lára. Ó yẹ kí ẹ bi ẹni tí ń tà á léèrè èwo ni ti rẹ̀, nítorí àtúnṣe wọn kò rí bákan náà: rẹ́sìn polyester máa ń jẹ fóòmù EPS run, ṣùgbọ́n a lè fi epoxy tún méjèèjì ṣe.

4. Ìwọ̀n tí ó yẹ

A sábà máa ń kọ ìwọ̀n sí abẹ́ bọ́ọ̀dù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá àárín tàbí nítòsí ìdí. Bí ẹ bá rí 8'0 × 22½ × 3¼, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8, ó fẹ̀ ní íǹṣì 22½, ó sì nípọn ní íǹṣì 3¼. Bí nọ́ńbà kan bá tẹ̀lé e pẹ̀lú lẹ́tà L, iye lítà rẹ̀ nìyẹn. Bí kò bá sí àkọsílẹ̀, ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n: ẹsẹ̀ bàtà 7 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 213, 8 jẹ́ 244, 9 sì jẹ́ 274.

Fún bọ́ọ̀dù olójú rírọ̀, ẹ lè tẹ̀lé ìlànà yìí:

• Ẹni tí kò tó kílò 40: ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 7.
• Kílò 40 sí 60: ẹsẹ̀ bàtà 7 sí 8.
• Kílò 60 sí 80: ẹsẹ̀ bàtà 8.
• Ẹni tí ó ju kílò 80 lọ: ẹsẹ̀ bàtà 8½ sí 9.

Kí iye lítà bọ́ọ̀dù má ṣe kéré sí iye kílò ẹni tí yóò gùn ún. Bí ó bá lé díẹ̀, ó sàn ju kí ó dín lọ.

5. Bí a ṣe ń yẹ bọ́ọ̀dù wò

Ẹ má ṣe ra bọ́ọ̀dù ní alẹ́ tàbí nínú yàrá tí ó ṣókùnkùn. Ẹ gbé e sí ojú oòrùn, kí ẹ sì ní kí olùtajà ha ìda kúrò lójú rẹ̀, nítorí ìda máa ń bo ojú àpá mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà:

i. Ẹ gbé e wò. Bọ́ọ̀dù olójú rírọ̀ tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8 kì í sábà wúwo ju kílò 7 tàbí 8 lọ. Bí ó bá wúwo ju bí ó ti yẹ lọ, tàbí tí ẹ gbọ́ tí omi ń mì nínú rẹ̀, ó ti mu omi.

ii. Ẹ gbé e nàró lórí ìdí rẹ̀ nínú oòrùn fún ìgbà díẹ̀. Bí omi bá ń sun láti ojú lílà kan tàbí láti ìdí lẹbẹ, ẹ ti rí ojú ibi tí ó ń gbà wọlé.

iii. Ẹ fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ ojú òkè, pàápàá ibi tí àyà àti ẹsẹ̀ ń wà. Kòtò kéékèèké tí ẹsẹ̀ tẹ̀ sí bọ́ọ̀dù líle kò burú. Ṣùgbọ́n bí ojú ibì kan bá ń rì wọlé tí ó sì ń padà bọ̀ sókè bí awọ ìlù, fáíbà ti ṣí kúrò lára fóòmù níbẹ̀.

iv. Ẹ di ojú kan, kí ẹ sì fi ìkejì wo ó láti ìdí dé imú, bí káfíńtà ṣe ń wo pákó. Kò gbọdọ̀ lọ́ sí ọ̀tún tàbí sí òsì.

v. Ẹ wá ìlà tí ó gba ìbú bọ́ọ̀dù kọjá láti etí kan dé èkejì. Ìlà bẹ́ẹ̀ fi hàn pé ó ti tẹ̀ tàbí pé ó ti ṣẹ́ rí. Ẹ fura sí ọ̀dà tí a fi kun àárín nìkan, àti sí ibi tí ó wú ju ibi yòókù lọ.

vi. Ẹ di lẹbẹ kọ̀ọ̀kan mú, kí ẹ sì mì í díẹ̀díẹ̀. Bí lẹbẹ bá ń mì nínú ojúhò rẹ̀, a lè fún ìdè rẹ̀ le. Bí ojúhò fúnra rẹ̀ bá ń mì, tàbí tí ó ní ìlà fífọ́ yí i ká, iṣẹ́ ńlá ni.

vii. Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀. Bí bọ́ọ̀dù funfun bá pọ́n bí ìyeyè, oòrùn àti ọjọ́ orí ni ó sábà máa ń fà á. Ṣùgbọ́n bí ojú kan bá ní àbàwọ́n bí omi tíì yí ihò ká, omi ti wọ ibẹ̀.

viii. Fún bọ́ọ̀dù olójú rírọ̀, ẹ wo etí rẹ̀ yíká bóyá awọ òkè tàbí ti abẹ́ ti ń ṣí.

Bí olùtajà bá gbà, ẹ dùbúlẹ̀ lé e nínú omi tí kò jìn, tí ó sì parọ́rọ́. Imú rẹ̀ yẹ kí ó yọ sókè díẹ̀ lójú omi. Bí gbogbo ojú rẹ̀ bá rì sábẹ́ àyà yín, ó kéré jù.

6. Èyí tí a lè rà àti èyí tí a gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀

A lè rà á láìsí ìfòyà: àwọ̀ tí ó ti pọ́n, kòtò ẹsẹ̀ kéékèèké, àti ojú àpá tí a ti tún ṣe dáadáa tí ó sì dán.

A lè rà á bí owó bá wálẹ̀: ihò kékeré tí kò tíì jẹ́ kí omi wọlé, etí tí ó fọ́ díẹ̀, lẹbẹ tí ó sọnù, àti okùn ẹsẹ̀ tí ó ti gbó. Kí ẹ tó gbà láti ra lẹbẹ mìíràn, ẹ wo irú ojúhò tí ó wà níbẹ̀. FCS àtijọ́ ní ihò kékeré méjì fún lẹbẹ kọ̀ọ̀kan, Futures ní ẹyọ kan tí ó gùn, lẹbẹ ọ̀kan kò sì lè wọ ojúhò èkejì.

Ẹ fi í sílẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ fẹ́ ta á ní ọ̀pọ̀: bọ́ọ̀dù tí ó ti mu omi, èyí tí ó ti ṣẹ́ ní àárín, èyí tí awọ rẹ̀ ti ṣí ní ibi tí ó fẹ̀, àti èyí tí ojúhò lẹbẹ rẹ̀ ti fà tu. Owó àtúnṣe wọn lè ju owó tí a fi rà wọ́n lọ, wọ́n sì lè dáṣẹ́ sílẹ̀ láàrin ìgbì.

7. Kí ẹ tó sanwó

Ẹ béèrè iye ọdún tí wọ́n ti lò ó, ibi tí wọ́n ti tún un ṣe, àti irú rẹ́sìn tí wọ́n lò. Bí orúkọ tàbí nọ́ńbà fóònù ẹlòmíràn bá wà lára rẹ̀, ẹ béèrè bí ó ṣe dé ọwọ́ olùtajà, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí ìsanwó. Ẹ fi owó okùn ẹsẹ̀ tuntun kún ìṣirò yín. Kí okùn náà gùn tó bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, kí ó má sì ní ojú gígé kankan. Ẹ má ṣe fi okùn ọ̀rá lásán dípò rẹ̀, nítorí ó lè gé ẹran ara.

8. Ìtọ́jú

Ẹ fi omi tí kò ní iyọ̀ ṣan bọ́ọ̀dù lẹ́yìn ìlò. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sí abẹ́ òjìji. Ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí a tì pa nínú oòrùn, nítorí ooru máa ń mú kí awọ rẹ̀ wú kí ó sì ṣí. Bí ó bá lu, ẹ jáde nínú omi lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa kí a tó fi rẹ́sìn dí i. Ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ lo ìbòmú àti ìbọ̀wọ́, kí ó sì wà ní ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́.

9. Ààbò ẹ̀mí

Bọ́ọ̀dù kò lè rọ́pò ìmọ̀ ìwẹ̀. Kí ẹni tí kò mọ omi wẹ̀ kọ́kọ́ kọ́ ọ, kí ó sì ní olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí ọmọdé má ṣe dá wọ omi. Ẹni tí ó bá ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Tarkwa Bay gbọ́dọ̀ wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì títí yóò fi gúnlẹ̀. Ìgbì òkun wa máa ń le ní ìgbà òjò. Kí akẹ́kọ̀ọ́ dúró de ọjọ́ tí ó bá parọ́rọ́.

Bí ìṣàn omi bá ń fà yín lọ sí agbami, ẹ má ṣe bá a jà, ẹ má sì ṣe fi bọ́ọ̀dù yín sílẹ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru. Ẹ dùbúlẹ̀ lé bọ́ọ̀dù, ẹ gbé ọwọ́ sókè láti pe olùrànlọ́wọ́, kí ẹ sì fi ọwọ́ tu ara yín sí ẹ̀gbẹ́, ní ìbámu pẹ̀lú etíkun, títí ẹ ó fi kúrò nínú ìṣàn náà. Ẹni tí ó bá rí irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti etíkun ní Ìpínlẹ̀ Èkó lè pe 767 tàbí 112 fún ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, bọ́ọ̀dù tí ó tóbi tó, tí ara rẹ̀ sì pé, ni yóò gbé ènìyàn dúró títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé.